Ẹ kí ohun tó wà níwájú yín: bí a ṣe ń rí ohun mímọ́ nínú iṣẹ́ òòjọ́

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ìsánlú kì í wọ ilé ìdáná láàárọ̀ láì kọ́kọ́ kí i. Kì í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lásìkò yẹn. Wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn á gbé ọwọ́ lé òpó, wọn á ní "Okun o", kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá ẹ̀yinná inú eérú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ojú tèmi kò tó o rí. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó yé mi pé ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà, tí mo ń tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀, ìyá àgbà mi ti ń ṣe é lójoojúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Gbogbo wa ní ìwọ̀ oòrùn Kogí la mọ ìkíni yìí. Ará Yàgbà ń kí i, ará Ìjùmú ń kí i, àwọn Ọ̀wẹ́ ní Kàbà, àwọn ará Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ náà ń kí i. Ẹ̀ka èdè wa yàtọ̀ síra, àmọ́ "okun" kan náà ni, débi pé òun ló di orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa pọ̀. A ń fi í kí ẹni tó jí, a ń fi í kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a sì ń fi í kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ wá wo "ẹ kú" tí gbogbo Yorùbá jọ ń lò. Ẹ kò lè kí ènìyàn ní "ẹ kú ìjókòó" bí ẹ kò bá tíì rí i pé ó jókòó. Ẹni tó ti oko dé, ẹ kú àbọ̀. Ẹni tó dirun tuntun, ẹ kú ewà. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ kú ọyẹ́. Ojú ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹnu tó la. Èdè wa kò gbà ká kí ènìyàn láì wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kò ju pé kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí omi, sí èémí, sí iṣẹ́ ọwọ́ yín: kí ẹ dúró, kí ẹ wò ó, kí ẹ kí i. Mo gbà tọkàntọkàn pé ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti máa ń pàdé wa jù. Kì í pẹ́ dé. Àwa la kì í sí nílé.

Kì í ṣe ẹ̀sìn tuntun ni mo gbé dé o. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń kọ́ ara wọn ní irú ìfarabalẹ̀ yìí láti nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ní ìlú Paris, arákùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Brother Lawrence, tó kú ní ọdún 1691, tó máa ń dáná ní ilé ìdáná àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì. Ó ní ìdí ìkòkò òun kò jìnnà sí Ọlọ́run ju ibi tí òun ti ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ. Thich Nhat Hanh, ọmọ Vietnam tó kú ní ọdún 2022, máa ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fọ abọ́ kí ọkàn wọn sì wà nídìí abọ́ náà. Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn gbé e wọ ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún àwọn aláìsàn tí ìrora kò fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ Kristẹni, ẹ rántí Jákọ́bù tó fi òkúta ṣe ìrọ̀rí sùn lójú ọ̀nà, tó jí tó ní Olúwa wà níbi báyìí, òun kò sì mọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, àlùwàlá tí ẹ ń ṣe ṣáájú ìrun ti kọ́ yín tẹ́lẹ̀: omi kan ọwọ́, ó kan ẹnu, ó kan imú, ó kan ojú, ó kan apá, ó kan orí, ó kan ẹsẹ̀. Ẹni tó ń da omi tútù sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá rẹ̀ náà mọ ohun tí mo ń wí. Kálukú di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú, ká jọ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo

Ẹ má ṣe lérí pé gbogbo ọjọ́ lẹ fẹ́ máa wà lójúfò. Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, tí kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lọ: ìwẹ̀ àárọ̀, ilẹ̀ gbígbá, abọ́ fífọ̀, omi pípọn. Iṣẹ́ tó ti sú yín ló dára jù, nítorí òun lẹ kò wò mọ́. Iṣẹ́ náà ni kí ẹ dì mú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo máa sọ nípa fóònù ní ìgbésẹ̀ yìí, ẹ ti mọ ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́kọ́ mí

Nínú èdè wa, *mí* àti *èémí* àti *ẹ̀mí*, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹni tó ń mí ló ní ẹ̀mí. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹnì kan lọ, imú rẹ̀ la ń tẹ́tí sí. Nítorí náà, ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni mo ní kí ẹ ṣe bí mo bá ní kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ dúró, tàbí kí ẹ jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì kan ilẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ fa èémí wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, ẹ má fi agbára fà á. Ẹ kíyè sí i pé ó tutù díẹ̀ ní ẹnu imú. Ẹ tú u síta. Ẹ ó rí i pé ó ti gba ooru lára yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ìkùukùu bo gbogbo òkè tó yí Kàbà ká láàárọ̀. Atẹ́gùn ìgbà náà gbẹ, ó sì tutù débi pé imú á sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé nǹkan ń wọlé.

Bí èémí kẹta bá ti jáde, ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wò ó, ẹ kí i

Ibí ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Iyán ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ilé kan ní agbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbó iṣu. Ọ̀bẹ wọ abẹ́ èèpo, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ha. Omi funfun tó ń yọ̀ jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, láìpẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Ẹ má yára nù ún. Ẹ wò ó. Ilẹ̀ tó ṣì lẹ̀ mọ́ èèpo yẹn, láti orí ebè kan ló ti wá, ẹnì kan sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ebè náà. Ẹ kí i nínú yín: ẹ kú oko. Ẹ da omi sí i, ẹ gbé e kaná. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìkòkò, tí ooru kọ lù yín lójú, ẹ dúró síbẹ̀ fún èémí kan. Ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Odó wá kàn. Gbígún àkọ́kọ́ ń dún gbì, gbì, bí ẹni ń gún ilẹ̀. Iṣu ṣì gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó ń sá fún ọmọ odó. Bí ẹ ṣe ń gún un, ohùn náà á yí padà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó yí fún yín, etí yín ló máa mọ̀ ọ́n. Ó di ohùn tó rọ̀, tó ń lẹ̀, tí iyán fi ń di ọmọ odó mú díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà mi kì í wo inú odó kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti kúnná; láti ìta ni wọ́n ti ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, kókó kan ṣì wà lábẹ́." Kókó yẹn á sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ sọ́jà ní ìdí odó, àwọn tó jẹun ló máa mọ̀.

Nígbà tí ohùn bá yí, ẹ kí i. Ẹ lè ní "okun o" ní ohùn jẹ́jẹ́ tàbí nínú ọkàn. Ta lẹ ń kí? Ẹ̀ ń kí ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀ ń kí òjò tó rọ̀ sí i, apá tó ń gún un, ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹ sì ń kí Ẹni tó mú gbogbo wọn pàdé nínú odó kan lọ́sàn-án òní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu yín jáde tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ ń sọ ọ́, iṣẹ́ ti ṣe.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi kan ti bi mí bóyá kí á máa kí odó kò ní di ìbọ̀rìṣà. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fojú kékeré wò ó. Bí ẹ bá kọjá níbi tí bíríkìlà ti ń mọlé tí ẹ ní "ẹ kú iṣẹ́ o", ṣé bíríkì ọwọ́ rẹ̀ lẹ ń sìn? Ìkíni kì í dúró sára nǹkan, ó máa ń kọjá lọ bá ẹni tó ni ín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó sọ pé "Olúwa, o ṣeun" dípò rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ kọjá láì sọ nǹkan kan.

Mi ò ṣèlérí ìran fún ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ọjọ́, ẹ kò ní nímọ̀lára nǹkan kan ju pé ọwọ́ ń yún yín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, àyà yín á rọ̀ wọ̀ọ̀, gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀, odó, eérú, adìyẹ tó ń ṣa ìdí odó, á dà bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ fún yín. Ẹ má dì í mú. Ẹ máa gún iyán yín lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ọkàn bá ṣáko, ẹ pè é wálé

Á ṣáko. Kí èémí kẹta tó jáde, ó lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ yín lówó. Ewúrẹ́ ni ọkàn, a kì í torí pé ewúrẹ́ jẹ kiri ká lù ú pa. Bí ẹ bá ti rí i pé ó ti lọ, rírí tí ẹ rí i yẹn gan-an ni ìpadàbọ̀. Ẹ wá ohun kan tí ọwọ́ tàbí etí yín ń gbọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ tún un kí. Bó bá di ìgbà ogún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbà ogún lẹ wálé.

Oko kajú ni mo ti kọ́ èyí, àdánù ló sì kọ́ mi. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, kajú ló ń gbé owó wọ ọ̀pọ̀ ilé lágbègbè wa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé èyí tó bá fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ là ń ṣà. Èyí tí a bá já lórí igi kí ó tó gbó, inú rẹ̀ kì í kún. A ó yí kóró kúrò ní ìdí èso, a ó sá a sóòrùn fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó kó o sápò. Omi èso náà bá ta sí aṣọ, kò ní kúrò mọ́. Epo inú èèpo kóró sì ń bó ènìyàn lára, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi eyín pa á.

Lọ́dún kan, gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń ṣa kajú nínú oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi, iye tí wọ́n máa rà á ló wà lọ́kàn mi. Mo ń ṣírò, mo ń ná owó tí n kò tíì rí. Ọwọ́ mi ń já, ó ń ṣà, ó ń da tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ. Nígbà tí ẹni tó máa rà á dé, ó fi ọwọ́ kan bọ inú àpò, ó fi ọ̀bẹ la díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló ti hunjọ. Ó já owó náà sí ìdajì, n kò sì ní ẹnu tí mo lè fi jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá mi wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sí ìdí igi kan, wọ́n ní, "Jókòó. Má ṣa nǹkan kan. Gbọ́." Mo jókòó. Fún ìgbà pípẹ́, orí mi nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹyẹ kan, mo gbọ́ atẹ́gùn lára ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ *pó*. Ọ̀kan já bọ́ sórí ewé lẹ́yìn mi. Ó pẹ́ díẹ̀. *Pó*, lápá ọ̀tún. Mo ka mọ́kànlá kí wọ́n tó ní, "Ó tó, dìde." Omijé ti ń dà lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣa kajú nínú oko yẹn ni igi náà ti ń fún mi, ohùn ọwọ́ tó ń fún mi ni n kò gbọ́ rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti fi kí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn bí ìkíni ṣe tọ́. Ẹ mú ẹnì kan lójúmọ́. Kí ẹsẹ̀ yín dúró. Bí ó bá jẹ́ àgbà, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ má kàn tẹ orúnkún bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Ara tó bá balẹ̀ máa ń mú ọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé "Ilé ńkọ́?", ẹ dúró gba èsì, kí ẹ sì gbọ́ ohùn tó fi dáhùn. "A dúpẹ́" kan wà tó jẹ́ pé ìyà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò lè gbọ́ ọ.

Mo ti rí i pé ẹni tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wa la kì í kí dáadáa. Ọkọ, aya, ọmọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí ohun tó wà níwájú yín kò dùn

Ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀nà oko ti ń bà lẹ́rù láti ìgbà tí ìjínigbé ti wọ agbègbè yìí. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó mí lẹ́ẹ̀mẹta kó sì gbàgbé ewu. Ẹni tó wà lójúfò á tètè gbọ́ nígbà tí igbó bá dákẹ́ jù. Bí àyà bá sọ fún yín pé kí ẹ padà, ẹ padà. Bákan náà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ di ojú. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni kó máa kí, kòtò dé kòtò.

Ní ti ọ̀fọ̀, àwọn ìyá Búnú ti ṣíwájú wa. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń hun aṣọ pupa kan tí wọ́n ń pè ní ìpò, lórí òfì tó dúró lóòró, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Mo máa ń ronú nípa ìyá tó jókòó síwájú òfì yẹn tó ń gba òwú kan kọjá lábẹ́ òwú mìíràn, tó mọ ohun tí aṣọ náà wà fún. Bí ìbànújẹ́ bá dé bá yín, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe tì í. Ẹ wá ibi tó wà nínú ara: ọ̀fun ni, àbí àyà, àbí ikùn? Ẹ gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ má lé e, ẹ má sì sọ fún un pé kó tètè parí.

Ṣùgbọ́n bí ìdákẹ́jẹ́ bá ń gbé ìrántí burúkú dé tó ń gbọ̀n yín, ẹ la ojú, ẹ dìde, ẹ ka nǹkan márùn-ún tí ẹ rí sókè, kí ẹ sì lọ bá ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí oorun bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tí ayé sú yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ lo oògùn tí dókítà bá kọ. Ìfarabalẹ̀ kì í gba ipò dókítà.

Bí ẹ ṣe máa mú un dúró

Ẹ fi í sí ojú ọ̀nà. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé, ife omi àkọ́kọ́, òkèlè àkọ́kọ́ tí ẹ bá jẹ, àwọn mẹ́ta yìí tó. Ẹ kò ní láti ya àkókò sọ́tọ̀ fún wọn, torí ẹ máa kọjá níbẹ̀ dandan. Bí ọmọ yín bá bi yín pé ta lẹ ń kí, ẹ má ṣàlàyé púpọ̀, ẹ jẹ́ kó gbé ọwọ́ lé òpó kó wò ó fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí fún oṣù kan, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ san padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni tó kàn. Bí ẹnì kan bá sì ti ìta ké sí yín báyìí pé "okun o", ẹ gbé èyí tí ẹ ń kà yìí sílẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ dá a lóhùn.